Ìkíni Tó Gùn Ju Ẹnu Ọ̀nà Lọ

Adènà ké lẹ́ẹ̀mẹta.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, Ìbíyẹmí kò ní gbé orí sókè, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ̀rọ náà máa ń ké bí lẹ́tà bá ṣìnà. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, a jẹ́ pé ẹnì kan ń dán kọ́kọ́rọ́ wò sí àpótí ẹlòmíràn, irú ìyẹn kì í sì í ju ti ọkọ tó ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta! Gíláàsì ńlá tó wà níwájú rẹ̀, tí lẹ́tà gbogbo ìlú Orí-Àpáta ti ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ bí omi funfun, dúró gbagidi. Ó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn.

"Kí ló ń ṣe é?" Màmá Oyèníhùn ló béèrè bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tó ti ń bó ọsàn. Ó ti tó ọdún méjì tó ti dìde lórí àga oníbodè tó fà á lé Ìbíyẹmí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ibòmíràn tí yóò máa gbé e lọ lówùúrọ̀. "Kà á fún mi. Má sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi o. Àwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀."

Ìbíyẹmí súnmọ́ gíláàsì. Ohùn rẹ̀ kéré, bó ṣe máa ń kéré nígbà gbogbo, bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Lẹ́tà kan ló ń ti agbo ilé kan bọ̀ ní Òkè-Àjà, Màmá. Ilé Ìgbìmọ̀ ló ń lọ. Ẹnu ọ̀nà lẹ́tà ló gbà, kò gba ẹ̀yìnkùlé. Òfin Kejìlá ló kọlù: ìkíni àkúnya. Adènà ti dá a dúró, kò tíì sọ ọ́ nù."

"O káre. Ta ló rán an?"

Ìbíyẹmí ka orúkọ náà. Ó tún un kà.

"Agbo ilé Ládépò ni."

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn.

Ní Orí-Àpáta, kò sí lẹ́tà tó ń wọlé láìkí ènìyàn. Àpótí tó ń rán an yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn àpótí tí yóò gbà á, yóò sọ orúkọ agbo ilé rẹ̀, yóò ki oríkì wọn, èkejì yóò dáhùn pé ó gbọ́, kí lẹ́tà tó ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Bí ọmọ tí a kọ́ nílé ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Àfi ìgbà tí ìkíni kan wọ̀lú, tó ń gùn, tó ń gùn, títí tó fi kún àpótí ilé omi dé ẹnu, tí májèlé tó wà nídìí rẹ̀ sì dà jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo ẹ̀rọ omi fi kú. Àwọn tó sin òkú nínú Òǹgbẹ yẹn ṣì wà láàyè, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ àwàdà nípa rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi ìwọ̀n dé ìkíni: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àmì ó lé méjìlá, ó parí. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn, Adènà ń wò ó bí ẹni tó ń kí ọ láìdánudúró kí o má baà rí ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò rẹ.

Bọ́tìnnì funfun kan wà lábẹ́ gíláàsì: Jẹ́ Ó Lọ. Dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Òótọ́ Ni. Agbo ilé tí oníbodè bá tẹ dúdú lé lórí, ọ̀nà rẹ̀ dí fún ọdún méje. Lẹ́tà kò wọlé, lẹ́tà kò jáde. Ilé ìwòsàn kò gbọ́ orúkọ rẹ, ilé ẹ̀kọ́ kò mọ ọmọ rẹ, ilẹ̀kùn ọjà kò ṣí fún ọ, àní òrùka ìka rẹ, tó yẹ kó máa tàn bí ìràwọ̀, á kú mọ́ ọ lọ́wọ́ bí èédú.

Ìka Ìbíyẹmí ti wà lórí dúdú. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Ìbí," Màmá sọ. "Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀."

"Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́, Màmá."

"Mo mọ̀ pé o ò tíì tẹ̀ ẹ́. Tí o bá ti tẹ̀ ẹ́ ni, ǹ bá máa bá ọ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn."

Ọdún kọkànlá rèé tí irú ariwo yìí kan náà dún nínú ilé bodè yìí, ní orí agbo ilé Ayélàágbé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ìbíyẹmí nígbà náà. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kú, wọ́n sì fi oríkì olóògbé kún ìkíni agbo ilé fún ogójì ọjọ́, bí wọ́n ti ń ṣe fún àgbà tó lọ. Ogójì ọjọ́ kò pé. Ládépò ló wà lórí àga. Ó tẹ dúdú. Ní ọdún kẹta ìdíbodè, ibà gbé ìyá Ìbíyẹmí dè. Ìgbà mẹ́rìnlélógún ni bàbá rẹ̀ rán lẹ́tà sí ilé ìwòsàn, ìgbà mẹ́rìnlélógún ni àpótí agbo ilé fi ọ̀rọ̀ kan náà dá a lóhùn: Ọ̀nà dí. Ó fi ẹsẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta. Kí ó tó mú dókítà dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá lójú. Láti ọjọ́ náà, bàbá rẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà ṣe òwúrọ̀, ì báà ṣe alẹ́. Bí ènìyàn bá kí i, á kàn wo onítọ̀hún bí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ hàn án.

"Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé," Ìbíyẹmí sọ, ohùn rẹ̀ kò ga. "Wọ́n ní ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ló sì ní ká wo ẹni tí ajá ń gbó kí a tó ju òkò." Màmá nu ọ̀bẹ mọ́ aṣọ rẹ̀. "Adènà gbó. Kò sọ pé olè ni. Àlejò ló sọ. Iṣẹ́ ajá tán síbẹ̀, iṣẹ́ tìẹ ló kù. Ṣí inú rẹ̀."

Ìbíyẹmí fi ìka méjì fa ìkìlọ̀ náà là. Ìkíni agbo ilé Ládépò tú jáde lórí gíláàsì, lẹ́sẹẹsẹ, ó ṣì ń bọ̀, ó ṣì ń bọ̀. Ẹsẹ àkọ́kọ́ jẹ́ oríkì àtijọ́ tí gbogbo Òkè-Àjà mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tuntun bẹ̀rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ:

*Ládépò, Olúbodè tí ayé ń dúró dè. Ọkọ Adènà, ẹ̀rù ọ̀nà. Ó jókòó sójú kan mú olè. Ó mú olè mẹ́rìndínlógún láìbọ́ bàtà…*

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ọsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Họ́wù! Ó ti fi oríkì pa ara rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi í jẹ Olúbodè gbogbo ìlú orí òkè, lẹ́tà tó fi gba oyè ni ó ń rán lọ, ojú sì ń kán an débi pé ó fi oyè tí kò tíì jẹ kún ìkíni. Kò sí ẹrù kankan nínú rẹ̀, Ìbí. Ìgbéraga lásán ni. Ìgbéraga kò sí nínú òfin."

Ìbíyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ka olè mẹ́rìndínlógún, nítorí orúkọ wọn tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oríkì náà bí orí ẹran tí ọdẹ kàn mọ́ ògiri. Ẹ̀kẹtàlá ni Ayélàágbé.

Ládépò ti fi bàbá àgbà Ìbíyẹmí tó kú ṣe oríkì.

"Ẹni tó ni lẹ́tà ti dé ẹnu ọ̀nà," Adènà sọ, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í ṣe ti ọkùnrin, tí kì í ṣe ti obìnrin. "Oòrùn kù díẹ̀ kó kan àtàrí. Bí ó bá kàn án láìsí ìdájọ́, Òótọ́ Ni."

Ládépò wọlé bí ẹni tó ń wọ ilé ara rẹ̀. Agbádá rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ara ẹni tó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àpótí agbo ilé ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti ń gba àṣẹ, àpótí agbo ilé rẹ̀ sì ti wà lójú kan láti òwúrọ̀. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Aṣọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ewé tó rọ̀ mọ́ ẹ̀kọ.

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. Eékún rẹ̀ kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ dúró ṣánṣán. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi." Kò wo ojú rẹ̀. "Oyèníhùn! Ìwọ ṣì wà níbí? Mo rò pé wọ́n ti sin ọ́."

"Wọ́n fẹ́ sin mí, Ọ̀gá, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jẹ ọsàn tán."

Ládépò rẹ́rìn-ín, ó ju ara rẹ̀ sórí àga àlejò. "Ẹ ò rí nǹkan! Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá jókòó ti ẹ̀rọ yìí, òun ló wá ń gbó mi. Ọmọ mi, tẹ funfun kíákíá. Ìgbìmọ̀ ń dúró dè mí. Bí lẹ́tà yẹn kò bá dé kí oòrùn tó yẹ̀, wọn á gbé oyè fún ẹlòmíràn, mi ò sì gbà."

"Ọ̀rọ̀ yín ló tọ́, Bàbá. Òfin kàn ní kí ẹni tó ni lẹ́tà ṣàlàyé fún Etí ni."

"Ìwọ ló ń sọ òfin fún mi? Èmi ni mo kọ ìdajì rẹ̀!"

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ̀lé e."

Ó gbé Etí síwájú rẹ̀. Àwo bàbà kékeré kan ni, kò ju abọ́ ọmọdé lọ, àfi pé ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sínú rẹ̀, ọba kò lè yọ ọ́. Nínú ọdún méje tí ọ̀nà wọn fi dí, tí ilé ẹ̀kọ́ kò mọ orúkọ rẹ̀, ìwé òfin bodè tí bàbá rẹ̀ rà láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló wà nílé fún Ìbíyẹmí láti fi kọ́ ìwé kíkà. Òun ló fi mọ a, òun ló fi mọ b. Ó mọ ojú ewé tí Ládépò kò kọ.

Ìka rẹ̀ sì ti kúrò lórí dúdú. Kì í ṣe àánú ló mú un kúrò. Ó ti rí i pé bí òun bá tẹ dúdú, ènìyàn mọ́kànlélógójì tó wà ní agbo ilé náà ni ilẹ̀kùn máa tì mọ́ta, gbogbo Òkè-Àjà á sì máa sọ pé, áà, wọ́n rẹ́ Ládépò jẹ. Wọ́n á ṣàánú rẹ̀. Wọ́n á gbé oúnjẹ lọ fún un. Ohun tó wà nínú Ìbíyẹmí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé oúnjẹ lọ fún un.

"Kí ni Adènà rí nínú lẹ́tà yín, Bàbá?"

"Oríkì."

"Ṣé oríkì lè ṣe ìlú ní ibi?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọmọ tí wọ́n bí ire ni í ki oríkì kó tó wọlé onílé. Ó gùn, òótọ́ ni. Kí ló burú nínú kó gùn? Ẹni tó bá kà á á rí i pé kò sí ohun kan nídìí rẹ̀ ju iyì lọ."

"Ẹni tí kò bá kà á ńkọ́?"

"Oníbodè tó bá rí oríkì tó pè é ní olè, tí kò ka inú rẹ̀, kì í ṣe oníbodè. Màlúù ni. Kí wọ́n lọ so ó mọ́lẹ̀ níbi tí koríko wà."

Màmá Oyèníhùn ti tẹ́tí lẹ́bàá fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ kò bó ọsàn mọ́.

"Ọ̀rọ̀ yín yé mi, Bàbá," Ìbíyẹmí sọ, ó tẹ orí ba bí ọmọ tó ń gba ẹ̀kọ́. "Ọmọdé ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi sí i. Nínú ọdún mẹ́rìnlá tẹ́ ẹ fi jókòó síbí, ẹ ò mú ẹnikẹ́ni fún ìkíni gígùn rí?"

"Mẹ́rìndínlógún!" Ó na ìka sí gíláàsì. "Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn. O ò rí wọn ni?"

"Mo rí wọn. Ṣé ẹ ka inú wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i?"

Ládépò nu òógùn ojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àgbà tó ń ṣàlàyé ayé fún ọmọ tí kò tíì rí i. "Ìgbà yẹn yàtọ̀, ọmọ mi. Òǹgbẹ ṣì wà lọ́fun gbogbo ènìyàn. Ìlú fẹ́ gbọ́ pé a ń mú olè. Bí pupa bá tàn, pupa ni. Ta ló ráyè ka oríkì olóríkì?"

Àwo bàbà náà dún, bí ìgbà tí wọ́n fi èékánná ta ife.

"Ẹ̀rí oníbodè àtijọ́ ti wọ Etí," Adènà sọ. "Òfin Kejìlá lè di irọ́."

Lábẹ́ gíláàsì, láàárín funfun àti dúdú, bọ́tìnnì kẹta yọ jáde láti inú igi tó mọ́ dán, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé ihò wà. Pupa rẹ̀ dà bíi ti osùn.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ládépò. "Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ìdajì òfin, Bàbá," Ìbíyẹmí dáhùn. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdajì kejì ni èyí wà."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí ni nǹkan yìí ń jẹ́?"

"'Bí oníbodè àtijọ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òfin kan ń pe aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ní olè,'" ó ń kà á láìwo ibì kankan, bí ọmọ tó ń ka ohun tó fi kọ́ ìwé, "'kí Adènà padà sẹ́yìn. Kí ó ṣí gbogbo ọ̀nà tó fi òfin náà dí, kí ó sì wẹ orúkọ wọn mọ́. Ẹni tó fọwọ́ sí i, ì báà kà á, ì báà má kà á, kì í ṣe agbo ilé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, ni kí ó ru ọdún wọn.' Ojú ewé àádọ́ta ni, Bàbá. Irọ́ Ni ni orúkọ bọ́tìnnì yẹn. Lẹ́tà yín á kọjá ní wàràwàrà tí mo bá tẹ̀ ẹ́."

Ládépò dìde. Ó tún jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wo ojú ọmọbìnrin tó wà níwájú rẹ̀.

"Ìbí."

Màmá Oyèníhùn ló pè é. Ó ti gbé àwo ọsàn kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí itan. "Kí o tó tẹ̀ ẹ́, o gbọ́dọ̀ mọ̀. Mo ní mẹ́ta níbẹ̀."

"Mẹ́ta kí ni, Màmá?"

"Ọdún tí Ọ̀gá rìnrìn àjò. Èmi ni mo di àga mú fún oṣù márùn-ún. Agbo ilé mẹ́ta."

Ìbíyẹmí kò mọ bí ó ṣe di ẹ̀gbẹ́ àga mú. Obìnrin yìí ló rí i ní ẹnu ọ̀nà bodè nígbà tí ọ̀nà wọn là, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn mẹ́ta. Òun ló kọ́ ọ ní Adènà. Òun ló ń gbé ẹ̀wà fún bàbá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń kí i, tí bàbá kì í sì í dáhùn, tó sì tún ń kí i.

"Ẹ kò kà wọ́n ni?"

"Mi ò ka méjì."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Màmá kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Mo kà á. Oríkì ìkókó ni. Ìbejì ni wọ́n bí. Mo kà á tán, mo mọ̀ pé ìkíni ni, mo sì tẹ dúdú. Wọ́n ti ń sọ pé obìnrin ò lè mú olè."

Lórí gíláàsì, oríkì Ládépò ṣì dúró síbẹ̀, ó pọ́n.

"Nítorí ìyẹn lẹ ṣe mú mi mọ́ra?" Ìbíyẹmí béèrè. "Kí ẹ lè fi mí fọ ọwọ́?"

"Ìdajì rẹ̀ nìyẹn."

"Ìdajì yòókù?"

"O mọ ìwé í kà. Mo fẹ́ rí ẹni tó ń kà á tán."

Ládépò ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ó fò dìde, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀. "O rí i? O rí i báyìí? Ìyá tó tọ́ ọ nìyí. Ọdún mọ́kànlélógún ló máa rù. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Ta ló máa pe dókítà fún un? Ọmọ mi, tẹ funfun. Jẹ́ ó lọ. Mo máa fi ọ́ ṣe igbákejì mi. Gbogbo wa á lọ jẹun, ọ̀rọ̀ á tán."

"Oòrùn ti fẹ́ kan àtàrí," Adènà sọ.

Ìbíyẹmí wo funfun. Bó bá tẹ̀ ẹ́, Màmá á wà lẹ́bàá fèrèsé lọ́la. Ládépò á wà lórí gbogbo bodè, pẹ̀lú bàbá àgbà rẹ̀ nínú oríkì. Dúdú wà níbẹ̀ náà. Òun kò tilẹ̀ ní láti tẹ ìyẹn, kí ó sáà ká ọwọ́ gbera ni. Ó ti fi ọdún mọ́kànlá gbé ọjọ́ yìí mì bí ẹni tó gbé eegun ẹja mì, ó ń rò pé bó bá dé, ohun dídùn ni yóò jẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé yóò béèrè ẹran lára ẹni tó fẹ́ràn.

"Màmá," ó sọ. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ sọ pé kí n má ṣe é."

"Rárá."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Má fi mí ṣe àwáwí, Ìbíyẹmí. Bí o bá fẹ́ jẹ́ kí ó lọ, jẹ́ kí ó lọ nítorí pé o ti dárí jì í. Ṣé o ti dárí jì í?"

Ìbíyẹmí wádìí ara rẹ̀ dáadáa, bí ó ṣe ń wádìí inú ìkìlọ̀. Ó wá a dé ìsàlẹ̀.

"Rárá, Màmá. Mi ò dárí jì í."

"Bí iná kò bá tán láṣọ," Màmá sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, "ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Èékánná tèmi náà wà níbẹ̀. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ariwo. Pupa yọ́ kúrò lórí gíláàsì díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà gbogbo ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ti Ládépò ló ṣáájú, ó ń sáré lọ sí ilé Ìgbìmọ̀ pẹ̀lú oríkì rẹ̀ gbọọrọ, olè mẹ́rìndínlógún ní orúkọ-lórúkọ. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, lẹ́tà Adènà fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, orúkọ kan náà ló rù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò jalè ló pè wọ́n. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa jọ kan ilẹ̀kùn.

"Òfin Kejìlá, irọ́ ni," Adènà sọ. "Agbo ilé mọ́kàndínlógún, ọ̀nà yín là. Orúkọ yín mọ́. Ládépò, agbo ilé mẹ́rìndínlógún, ọdún méjìléláàádọ́fà. Oyèníhùn, agbo ilé mẹ́ta, ọdún mọ́kànlélógún."

Òrùka kú ní ìka Ládépò. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń wò ó, ó ń fi àtàǹpàkò ra á bí ẹni tó fẹ́ jí ọmọ adìyẹ tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìbíyẹmí.

"Ta ni ọ́? Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ayélàágbé. Àwa ni ẹ̀kẹtàlá, Bàbá."

Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ń wá a, pé ó ń wá ilé náà, ọjọ́ náà, ojú ẹnì kan. Kò rí nǹkan kan. Ìyẹn ló dun Ìbíyẹmí jù nínú gbogbo rẹ̀: kò tilẹ̀ kórìíra wọn nígbà náà.

Ní ti Màmá Oyèníhùn, ó yọ òrùka tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó ṣókùnkùn tán, ó fi í sínú àwo èèpo ọsàn. Ó dìde, ó to aṣọ rẹ̀. "Mi ò ní lẹ́tà mọ́," ó sọ, "ṣùgbọ́n mo ṣì ní ẹnu. Máa wá kí mi. Kí o sì máa fi ẹsẹ̀ wá, ó dáa fún ọ, ìjókòó ti ń pọ̀ jù." Ó fi ọwọ́ kan orí Ìbíyẹmí, ó kọjá níwájú Ládépò láìkí i, ó sì bọ́ sínú oòrùn.

Nígbà náà ni Ládépò ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí kí ó ṣe rí. Ó ká agbádá tó tutù fún òógùn yẹn, ó dọ̀bálẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, ó na gbalaja níwájú ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé bodè. "Ọmọ mi. Dákun. Mi ò mọ̀ ni. Wá ọ̀nà kan sí i, o mọ òfin. Dákun. Má jẹ́ kí n kú sínú èyí."

Bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ara ọmọdé á bù máṣọ. Ó yẹ kí ó fò dìde, kí ó kígbe pé rárá o, Bàbá, ẹ dìde, ẹ má fi mí gba ègún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ Ìbíyẹmí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

Ó gbé e mì.

Ó yí àga rẹ̀ sí gíláàsì. Agbo ilé mọ́kàndínlógún tó bọ́ nínú ẹ̀sùn wà níbẹ̀, tí Adènà to sísàlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ìbíyẹmí, tí ohùn rẹ̀ kì í ga, gbé ohùn sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n pẹ̀lú ìkíni wọn, gígùn wọn, láìfo àmì kan, kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè gbọ́ ohun tí kò kà. Ó ka oríkì bàbá àgbà rẹ̀. Ó kọjá rẹ̀. Ó dé orí àwọn mẹ́ta tó jẹ́ ti Màmá, ó sì ka ìyẹn náà, títí kan ti àwọn ìbejì, ohùn rẹ̀ kò sì wálẹ̀.